Kí Ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé Tó Mọ́: Bí Fídíò Ìnáwó Ṣe Lè Tètè Jáde, Kí Timecode Má Sì Dàrú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìnáwó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni onínàáwó yóò ti máa pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, fídíò wa ńkọ́? Àwọn ọmọ màmá tó wà lókè òkun ń béèrè o." Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe édíìtì fídíò ní Ilé-Ifẹ̀, ì báà jẹ́ ní Lágere bíi tèmi tàbí nítòsí géètì Yunifásítì, mọ bí ìpè yẹn ṣe máa ń rí lára. Ojú kọ̀ǹpútà la ó máa wò, tí ìlà kékeré yẹn ń wọ́ bí ìgbín: 31%, 32%. A ó lọ jẹun, a ó padà dé, 34%.

Ó pẹ́ tí mo fi gbà pé kọ̀ǹpútà ló ń fìyà jẹ mí. Mo fi owó gidi ra òmíràn, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Ìgbà tó yá ni mo mú ìwé, mo ń kọ ibi tí wákàtí mi ń gbà lọ sílẹ̀ fún ìnáwó mẹ́ta gbáko. Ibi méjì ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ: títo kámẹ́rà pọ̀ lọ́wọ́ nítorí pé aago wọn kò bára mu, àti rírẹ́ńdà, ìyẹn sísọ ohun tí a ti édíìtì di fáìlì fídíò tó ṣeé wò, fún ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Méjèèjì ló ní àtúnṣe tí kì í gba kọ́bọ̀.

Ìlànà tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń tẹ̀ lé báyìí ni mo kọ síbí. Ẹni tó ń lo Premiere, DaVinci Resolve tàbí Kdenlive lè lò ó. Níbi tí mo bá ti kọ àṣẹ fún ffmpeg, sọ́fítíwíà tí a ń kọ àṣẹ fún dípò títẹ bọ́tìnnì, ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí timecode ń sọ

Fídíò jẹ́ àwòrán tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tó ń sáré kọjá lójú wa. Fírémù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Timecode ni nọ́ńbà tí kámẹ́rà ń lẹ̀ mọ́ fírémù kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń pín nọ́ńbà fún àwọn èèyàn tó tò sórí ìlà ní báńkì. Ẹ wo èyí:

10:42:15:08

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà fírémù. Tí kámẹ́rà bá ń ya fírémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òǹkà yẹn yóò lọ láti 00 dé 24, lẹ́yìn náà yóò padà sí 00, ìṣẹ́jú-àáyá yóò sì fi ọ̀kan lé e. Fírémù 90,000 ló wà nínú wákàtí kan, olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí kámẹ́rà mẹ́rin bá ń ka nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, sọ́fítíwíà yóò to gbogbo wọn sórí ara wọn kí ẹ tó mu omi tán.

Ní Nàìjíríà níbí, 25 ni kí ẹ yàn lórí gbogbo kámẹ́rà, kí ẹ sì fi shutter, ìyẹn àsìkò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún fírémù kọ̀ọ̀kan, sí 1/50. Iná mànàmáná wa ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 25 sì bá a rìn. Ẹni tó bá ya 30 pẹ̀lú shutter 1/60 nínú gbọ̀ngàn tó kún fún iná fuloréséǹtì yóò rí i tí iná ń ṣẹ́jú lórí fídíò. Ó ṣòro kí fílítà mú un kúrò pátápátá, èyí tó bá sì gbìyànjú yóò mú kí rẹ́ńdà pẹ́ sí i.

Ibi tí ọ̀fìn wà ni kámẹ́rà tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ lára èyí tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò sí NTSC, ìlànà tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, tó ń ya 29.97. Kì í ṣe 30 gan-an: nígbà tí wọ́n fi àwọ̀ kún tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1953, wọ́n dín eré fírémù kù díẹ̀ kí àmì àwọ̀ má bàa kọlu ti ohùn. Nítorí náà, òǹkà timecode tí a bá ń kà ní 30 kò bá aago ògiri mu. Ní wákàtí kan, ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 rẹ̀yìn. Wọ́n wá ṣe oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní drop-frame. Kò yọ àwòrán kankan kúrò, nọ́ńbà ló ń fò: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yóò fo 00 àti 01, àfi ní ìṣẹ́jú 00, 10, 20, 30, 40 àti 50. Nọ́ńbà 108 ló ń fò ní wákàtí kan, òǹkà á sì bá aago mu. Àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ ni pé wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: 10:42:15;08.

Mo rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ níbi ìsìn ìkẹyìn màmá kan ní Mọ̀rè. Kámẹ́rà méjì la gbé lọ, mo sì to aago méjèèjì papọ̀ ní àárọ̀, inú mi dùn. Tòkunbọ̀ ni èkejì, 29.97 tí kì í fo nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀, mi ò wò ó. A ń dá a dúró, a sì ń tún un tàn. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, apá àkọ́kọ́ bára mu rẹ́gí. Níbi ìwàásù, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ló fi yà. Níbi àdúrà ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti di méje: ìjọ ti ṣe "Àmín", wọ́n ti jókòó, ọwọ́ pásítọ̀ ṣì wà lókè lórí kámẹ́rà kejì. Òru ọjọ́ náà ni mo fi ń ti apá kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn lọ́wọ́. Nǹkan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú mẹ́nù kámẹ́rà ló gba òru kan lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ yí NTSC sí PAL, ìyẹn ìlànà tó ń ya 25, ẹ ṣe é kí káàdì tó ní nǹkan nínú, nítorí àwọn kámẹ́rà Sony kan yóò ní kí ẹ fọ́màátì káàdì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to aago ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ya nǹkan kan

Nínú mẹ́nù timecode, ẹ ó rí Rec Run àti Free Run. Rec Run ń kà nígbà tí kámẹ́rà bá ń yà nìkan. Free Run ń kà lọ láìdúró, ì báà yà, ì báà má yà. Fún kámẹ́rà kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà kan lẹ́nu wò nínú yàrá, Rec Run dára. Ẹ kàn fún káàdì kìn-ín-ní ní 01:00:00:00, èkejì ní 02:00:00:00, kí nọ́ńbà wọn má bàa jọra. Tó bá ti di kámẹ́rà méjì sókè, Free Run ni.

Ẹ kó gbogbo kámẹ́rà sórí tábìlì kan. Ẹ tẹ 10:00:00:00 sínú gbogbo wọn, kí ẹ ka "ó di mẹ́ta", kí gbogbo yín jọ tẹ bọ́tìnnì náà. Ọwọ́ èèyàn lè yà pẹ̀lú fírémù mélòó kan, nítorí náà ẹ tan gbogbo kámẹ́rà, kí ọmọ iṣẹ́ kan dúró síwájú, kí ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kó le. Fírémù tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti kanra ni ẹ ó wá nígbà tí ẹ bá délé. Bí ó bá jẹ́ 10:03:20:11 lórí kámẹ́rà kan, tó jẹ́ 10:03:20:15 lórí èkejì, fírémù mẹ́rin ló yà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó yọ mẹ́rin náà, gbogbo apá tí kámẹ́rà yẹn yà lọ́jọ́ náà yóò sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá rówó ra àpótí kékeré tó ń fi timecode ránṣẹ́ sí kámẹ́rà, bíi Tentacle Sync tàbí Deity TC-1, kò nílò àtẹ́wọ́ yìí. Fún kámẹ́rà tí kò ní ihò timecode, àpótí náà yóò da òǹkà rẹ̀ sínú ihò máìkì gẹ́gẹ́ bí ohùn, sọ́fítíwíà yóò sì kà á jáde lẹ́yìn náà. Láìsí àpótí, aago kámẹ́rà máa ń yà díẹ̀díẹ̀ tí ọjọ́ bá ń lọ, nítorí náà a tún máa ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán.

Àwọn kan á sọ pé kí ni wàhálà, ṣé sọ́fítíwíà kò lè fi ohùn to kámẹ́rà pọ̀ ni? Ó lè ṣe é, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohùn kì í yára tó ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bí mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mítà 34 sí máìkì, yóò gbọ́ ohùn pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn, ìyẹn fírémù méjì àtààbọ̀. Ẹ bá fi ohùn tò ó, ohùn á bára mu, ẹnu olórin á máa yà.

Tí ó bá sì wá di ọdún Ọlọ́jọ́ ńkọ́? Kámẹ́rà kan ń dúró ní Ẹnuwá níbi tí Ọ̀ọ̀ni yóò ti jáde láàfin, òmíràn ti lọ gbàyè sílẹ̀ ní Òkè-Mògún. Ìlù tí ti àkọ́kọ́ ń gbọ́, èkejì kò gbọ́ ọ rárá. Kò sí ohùn kan tó pa wọ́n pọ̀. Timecode nìkan ló lè sọ pé ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ni tibí ń ṣẹlẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí èèyàn lè édíìtì ọjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún àìsùn. Timecode kì í kọjá 23:59:59:24. Lẹ́yìn rẹ̀, 00:00:00:00 ni. Bí ẹ bá fi aago gidi sínú kámẹ́rà níbi ìsìn àìsùn, orin ìdájí yóò wà ṣáájú àdúrà ìṣíde nígbà tí sọ́fítíwíà bá tò ó. Fún irú òru bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti 08:00:00:00, láìka ohun tí aago ọwọ́ yín bá sọ sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Kíkó káàdì

Èyí yá. Ẹ kó gbogbo fódà inú káàdì, kì í ṣe MP4 nìkan, nítorí àwọn kámẹ́rà kan ń fi timecode sínú fáìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. Ẹ lo ihò USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Nínú USB 2.0, káàdì 64 GB tó kún lè gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú 3.0, bí káàdì náà bá ń sáré, kò ní tó ìdajì ìyẹn. Kí ohun tí ẹ ń édíìtì lọ́wọ́ wà lórí SSD. Kí hard disk àtijọ́ tó ń yí jẹ́ ibi ìpamọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún fídíò fóònù ṣe kí ó tó wọlé

Àwọn ẹbí yóò fi fídíò fóònù ránṣẹ́, ẹ kò lè sọ pé rárá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye fírémù kan náà délẹ̀. Bí iná bá kéré tàbí tí fóònù bá gbóná, 30 lè di 27, kó tún padà. Bí ẹ bá ṣe jù ú sórí timeline, ìlà tí a ń to fídíò sí nínú sọ́fítíwíà, ohùn àti ẹnu yóò máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 25 tó dúró:

`ffmpeg -i foonu.mp4 -vf fps=25 -c:v libx264 -preset veryfast -crf 18 -c:a aac -ar 48000 foonu25.mp4`

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi ẹ̀dà tó fúyẹ́ ṣe édíìtì

Kí ló dé tí fídíò fi ń há nígbà tí a bá ń fà á síwá sẹ́yìn lórí timeline? H.264, ọ̀nà fífún fídíò pọ̀ tó jáde ní 2003, tí kámẹ́rà àti fóònù wa ń lò, kì í tọ́jú gbogbo fírémù ní odindi. Yóò tọ́jú ọ̀kan pátá, lẹ́yìn náà yóò máa kọ kìkì ohun tó yí padà sílẹ̀ títí di odindi mìíràn. Bí ẹ bá tẹ àárín, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ padà sí odindi tó ṣáájú, kó máa ṣírò bọ̀. Ó dà bí ọmọdé tó há oríkì sórí: ẹ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu láàárín, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. HEVC ti 2013 tún fún fídíò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò rẹ̀ sì wúwo jù.

ProRes àti DNxHR, ọ̀nà ìtọ́jú fídíò tí wọ́n ṣe fún édíìtì, máa ń tọ́jú fírémù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Wọ́n tóbi lórí díìsìkì, ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà ń balẹ̀ lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà kékeré fún gbogbo fídíò nígbà tí ẹ bá ń sùn. Premiere, Resolve àti Kdenlive ló ní bọ́tìnnì proxy. Ẹni tó bá fẹ́ fi ffmpeg ṣe é lórí Windows, kí ó ṣí Command Prompt sínú fódà fídíò, kí ó dá fódà kan tó ń jẹ́ proxy síbẹ̀, kí ó wá kọ:

`for %f in (*.MP4) do ffmpeg -i "%f" -vf scale=1280:-2 -c:v prores_ks -profile:v 0 -c:a pcm_s16le "proxy\%~nf.mov"`

Ẹ̀dà àti ògidì gbọ́dọ̀ bára mu ní orúkọ, ní iye fírémù, ní iye ojú ọ̀nà ohùn, àti ní timecode. Tí ọ̀kan bá yà, ẹ ó édíìtì tán, ẹ ó padà sí ògidì, ẹ ó wá rí i pé ibi tí ẹ gé kọ́ ni ó gé. Ẹ fi `ffprobe C0012.MP4` (ffprobe máa ń bá ffmpeg wá) wo ògidì. Tí ẹ bá rí ìlà tó kọ timecode, ffmpeg yóò gbé e lọ sínú ẹ̀dà fúnra rẹ̀. Tí kò bá sí, tí ẹ sì mọ nọ́ńbà tó yẹ, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láìrẹ́ńdà:

`ffmpeg -i C0012.MP4 -map 0:v -map 0:a -c copy -timecode 10:42:15:08 C0012.mov`

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, `-c copy`, ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó gbé fídíò bó ṣe wà, kí ó má tú u, kí ó má tún un fún pọ̀. Fídíò wákàtí kan lè parí ní ìṣẹ́jú kan, àwòrán kò sì ní bàjẹ́ rárá. Ẹni tó fẹ́ gé ìṣẹ́jú kan fún WhatsApp nínú iṣẹ́ tó ti parí kò nídìí láti ṣí Premiere:

`ffmpeg -ss 00:12:00 -i odidi.mp4 -t 60 -c copy kekere.mp4`

Kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojú fírémù tí ẹ ní lọ́kàn gan-an, orí fírémù odindi tó ṣáájú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń bá WhatsApp ka fírémù?

Ìgbésẹ̀ 6: Ibi tí eré rẹ́ńdà ti ń wá

Àwọn ṣíìpù Intel ti ní ibi pàtàkì kan fún fífún fídíò pọ̀ láti 2011, Quick Sync ni wọ́n ń pè é. Káàdì NVIDIA ti ní NVENC láti 2012. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú laptop tí ẹ ń bú lójoojúmọ́. Nínú Premiere, ẹ yan Hardware Encoding níbi tí wọ́n kọ Software Encoding sí. Nínú ffmpeg, ẹ fi `h264_qsv`, `h264_nvenc`, tàbí `h264_videotoolbox` lórí Mac, rọ́pò `libx264` tí kì í lo ṣíìpù yẹn, kí ẹ sì fi `-b:v 16M` rọ́pò `-preset` àti `-crf`. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í farasin.

Ẹ san owó eré yẹn pẹ̀lú bitrate, ìyẹn iye dátà tí ìṣẹ́jú-àáyá kan fídíò ń gbà. Ní bitrate kan náà, àwòrán ṣíìpù kì í mọ́ tó ti libx264 tó fara balẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ná ìyàwó lówó: owó bébà ń já bọ́, léèsì ń dán, gèlè ń mì, gbogbo fírémù ló yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni àwòrán ti máa ń di ègé-ègé. Èmi máa ń fi 16 Mb/s rẹ́ńdà níbi tí mo ti ń lo 10 tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń dán ibi ìnáwó yẹn wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí n tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Tí kò bá sí ṣíìpù bẹ́ẹ̀, `libx264` pẹ̀lú `-preset veryfast -crf 20` yóò ṣe é. Medium ni preset, ìyẹn ìwọ̀n eré, tí ó ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan. Slow àti veryslow ń mú kí fáìlì kéré, kò sì sí onínàáwó tó bìkítà bí fáìlì ṣe kéré tó.

Fílítà tó ń nu eruku àwòrán òru ló ń jẹ àkókò jù lọ. Ẹ fi sórí apá tó nílò rẹ̀ nìkan, kí ẹ rẹ́ńdà apá yẹn sí ProRes lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi èyí tó jáde rọ́pò rẹ̀ lórí timeline. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ kò ní tún un ṣírò mọ́. Ẹ má sì rẹ́ńdà lórí bátìrì: laptop máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù tí kò bá sí lórí iná. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń dí fáànù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ má rẹ́ńdà wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan

Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí. Ìgbà kan wà tí fídíò ìgbéyàwó kan dé 87% ní aago mẹ́rin ìdájí. Iná lọ, inverter ti rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Fáìlì wà níbẹ̀, ó tóbi, kò ṣeé ṣí. MP4 dà bí ìwé tí wọ́n máa ń kọ atọ́ka rẹ̀ kẹ́yìn: bí òǹkọ̀wé bá ṣubú kí ó tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ojú ewé tí nǹkan wà. MKV, oríṣi fáìlì fídíò mìíràn, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá dé ni yóò ṣeé wò dé, ẹ sì lè fi `-c copy` sọ ọ́ di MP4 lẹ́yìn náà.

Ohun tó dára ju ìyẹn ni kí ẹ gé iṣẹ́ náà sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí timeline yín bẹ̀rẹ̀ ní 10:00:00:00. Apá kìn-ín-ní parí ní 10:29:59:24, apá kejì bẹ̀rẹ̀ ní 10:30:00:00. Ẹ wò ó dáadáa: fírémù tí ẹ bá fi àmì Out (òpin apá; In ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀) sí wà nínú ohun tí yóò jáde. Bí ẹ bá fi Out ti àkọ́kọ́ àti In ti èkejì sórí 10:30:00:00, fírémù kan yóò jáde lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ apá mẹ́fà, oríkèé márùn-ún ló wà níbẹ̀, fírémù márùn-ún, ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé ibi ijó ìgbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ á ti máa tẹ̀lé ìlù lẹ́yìn.

Ẹ rẹ́ńdà apá kọ̀ọ̀kan láìsí ohùn, ìlànà kan náà fún gbogbo wọn. Ẹ wá rẹ́ńdà ohùn nìkan ní odindi sí WAV. Ìdí rẹ̀ ni pé AAC, ọ̀nà fífún ohùn pọ̀ tí MP4 sábà ń lò, máa ń fi àlàfo bíńtín sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì gbọ́ ọ bí ìkọsẹ̀ ní oríkèé. Ẹ kọ fáìlì akojo.txt báyìí:

`file 'apa1.mp4'`
`file 'apa2.mp4'`

títí dé apá tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì so wọ́n pọ̀:

`ffmpeg -f concat -safe 0 -i akojo.txt -i ohun.wav -map 0:v -map 1:a -c:v copy -c:a aac -b:a 192k odidi.mp4`

Iná lè lọ ní aago mẹ́rin báyìí, apá kan ni yóò bá a lọ. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù. Ìyá ìyàwó á pè: "Ọmọ mi, ẹ ti kọ orúkọ mi ṣì o." Tẹ́lẹ̀, ìpè yẹn túmọ̀ sí wákàtí márùn-ún mìíràn. Nísinsìnyí, apá tí orúkọ rẹ̀ wà ni n ó tún rẹ́ńdà, n ó so wọ́n pọ̀, kí Màmá tó dé láti ọjà ó ti délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí flash tó kúrò lọ́wọ́ yín

Flash tí wọ́n fọ́màátì sí FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ. Wákàtí kan ní 10 Mb/s jẹ́ 4.5 GB, kò ní wọlé. Ẹ fọ́màátì flash sí exFAT. Tí tẹlifíṣọ̀n onínàáwó kò bá mọ exFAT, ẹ fi 8 Mb/s ṣe é ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, 3.6 GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fídíò láti orí flash fúnra rẹ̀. Ẹ wo ìṣẹ́jú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo oríkèé kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí 0:30, 1:00, 1:30, 2:00 àti 2:30, kí ẹ gbọ́ bóyá nǹkan kọsẹ̀. Ẹ lọ sí òpin, ẹ wá ibi tí ẹnìkan ti ń sọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kún kámẹ́rà. Bí ohùn àti àwòrán bá yà níbikíbi nínú iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni yóò ti hàn jù. Mo máa ń wo ẹnu ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò títí yóò fi sọ pé "ilé á gbà yín o", tí ètè àti ohùn bá sì jọ pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, mo yọ flash.